Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń yan òṣìṣẹ́ tí ìpè oníbàárà yóò lọ bá?

Olùbéèrè

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ ibùdó ìpè, mo kí yín o. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n fi mí ṣe alábòójútó àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù níbi iṣẹ́ wa, mo sì fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì rí ẹni ṣàlàyé rẹ̀ yé mi. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni a pín àwọn òṣìṣẹ́ wa sí. Ẹgbẹ́ kan ń dáhùn ìbéèrè nípa owó sísan, èkejì ń bójú tó àwọn tó fẹ́ ṣí àkáǹtì tuntun, ẹ̀kẹta sì wà fún àwọn tí ẹ̀rọ wọn kò ṣiṣẹ́ tàbí tí wọn kò lè wọlé sórí àkáǹtì wọn. Bí oníbàárà bá pè, ohùn kan yóò ní kí ó tẹ ení, èjì tàbí ẹ̀ta gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó bá wá, lẹ́yìn náà ni orin yóò máa dún sí i létí títí òṣìṣẹ́ kan yóò fi gba ìpè rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń kọ mí lóminú. Àkọ́kọ́ ni pé mo máa ń rí i lójú kọ̀ǹpútà alábòójútó pé oníbàárà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tò sórí ìlà ìdúró àwọn tí ẹ̀rọ wọn bàjẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣí àkáǹtì tuntun jókòó tí ọwọ́ wọn dilẹ̀. Èkejì ni pé àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ jù lọ ni ìpè máa ń wọ́ lọ bá, débi pé ó ti rẹ̀ wọ́n, méjì nínú wọn sì ti ń sọ pé àwọn fẹ́ lọ síbòmíràn. Ẹ̀kẹta ni pé oníbàárà kan bínú sí wa gidigidi nítorí pé òun àti ẹnì kan jọ pè wá láti inú yàrá kan náà, òun ló kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà wa, ṣùgbọ́n ẹnì kejì ni a kọ́kọ́ dá lóhùn.

Kí gan-an ni ẹ̀rọ tó ń pín ìpè máa ń wò kí ó tó pinnu pé lágbájá ni kí ó gba ìpè yìí? Èwo nínú àwọn ìlànà rẹ̀ ni a lè fọwọ́ kàn kí nǹkan má baà tún burú sí i?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ kú àmójútó iṣẹ́. Àwọn ìṣòro yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọnú ara wọn, ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a tọ ipasẹ̀ ìpè kan ṣoṣo láti ìgbà tí oníbàárà ti tẹ nọ́ńbà, nítorí pé púpọ̀ nínú ìpinnu náà ti máa ń wáyé kí aago tó dún létí òṣìṣẹ́ kankan.

Bí ìpè bá ti ń wọlé, nǹkan méjì ni ẹ̀rọ ti máa ń mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀: nọ́ńbà tí oníbàárà fi pè àti nọ́ńbà tí ó tẹ̀. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan lè ní nọ́ńbà mélòó kan tí gbogbo wọn ń wọ ibi kan náà, kí ẹ̀rọ sì ti tipa nọ́ńbà tí a tẹ̀ mọ irú ọ̀rọ̀ tí ẹni náà bá wá tàbí èdè tí ó fẹ́ sọ. Nọ́ńbà tí oníbàárà fi pè ni ẹ̀rọ yóò fi wá àkọsílẹ̀ rẹ̀ kàn, bí ó bá ti pè rí. Lẹ́yìn náà ni ohùn tó ń ní kí a tẹ ení tàbí èjì yóò wọlé. Bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan lórí fóònù ní dídún méjì tó máa ń jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀kan fún ìlà tí ó wà lóròó, ọ̀kan fún ìlà tí ó wà níbùú, ara dídún méjèèjì yìí ni ẹ̀rọ sì ti ń mọ bọ́tìnì tí a tẹ̀. Ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní irú fóònù bẹ́ẹ̀, orí ìpìlẹ̀ náà sì ni ohùn tó ń ní kí a tẹ ení ṣì dúró lé títí di òní.

Nígbà tí oníbàárà bá ti tẹ bọ́tìnì tán, ẹ̀rọ yóò lẹ àmì mọ́ ìpè rẹ̀: irú ìmọ̀ tí òṣìṣẹ́ tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ ní, èdè tí òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbọ́, àti bí ìpè náà ṣe jẹ́ kánjúkánjú sí. Pẹ̀lú àmì wọ̀nyí ni ìpè yóò fi bọ́ sórí ìlà ìdúró.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ ń dáhùn, bí ọwọ́ bá sì ṣe dí tó ní àkókò náà ló ń sọ èyí tí yóò dáhùn. Bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ ju ìpè lọ, ìbéèrè ni pé: nínú àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀, ta ni kí ó gba ìpè yìí? Bí ìpè bá pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ, ìbéèrè yí padà pátápátá: òṣìṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìpè rẹ̀, nínú gbogbo àwọn tó ń dúró, ìpè ta ni kí ó kàn án? Àwọn alábòójútó máa ń tún ìlànà ti àkọ́kọ́ ṣe, wọn a sì gbàgbé ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ti èkejì gan-an ni oníbàárà ń bínú lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti àkọ́kọ́. Láyé àtijọ́, ṣe ni ẹ̀rọ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, ó kàn ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣáájú kò ní sinmi láé, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò sì ní rí ìpè àfi bí gbogbo àwọn tó wà lókè rẹ̀ bá ti rí tiwọn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Rockwell ṣe ẹ̀rọ Galaxy fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Continental Airlines ní ọdún 1973, pínpín ìpè lọ́nà tó dọ́gba fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń gba ìpè àwọn arìnrìn-àjò wà lára ohun tí wọ́n ń wá. Ìlànà tó gbilẹ̀ jù lọ lónìí ni pé kí ìpè lọ bá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti dilẹ̀ fún ìgbà tó pẹ́ jù. Ó rọrùn, kò sì ṣe ojúsàájú.

Ṣùgbọ́n ìlànà mìíràn tún wà tó máa ń ka ipele ìmọ̀ sí. Nínú ìyẹn, ẹ ti fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ yóò sì kọ́kọ́ wá ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù. Lójú ẹni tó bá ń wo oníbàárà nìkan, ìlànà yìí dára gan-an. Àmọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ jù kò ní rí àyè mí, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa kò sì ní rí ìpè tí yóò fi kọ́ ọ. Bí mo bá máa fọkàn sí nǹkan kan, ìlànà yìí ni mo fura sí pé ó wà nídìí ìṣòro yín kejì, ibẹ̀ ni kí ẹ sì kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Kí ẹ tún mọ̀ pé bí ìlànà bá tilẹ̀ ṣe déédéé, iye ìpè kò ní dọ́gba láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí oníbàárà bá pọ̀ lórí ìlà ìdúró, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ tí ẹ̀rọ yóò máa ṣà yàn. Ẹni tó bá parí ni ìpè kàn. Òṣìṣẹ́ tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ìpè yóò gba ìlọ́po méjì iye ìpè tí ẹni tó ń lo mẹ́fà gbà, àwọn méjèèjì sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan náà. Nítorí náà, ẹ má fi iye ìpè nìkan ṣe ìdájọ́ pé a ń rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ní ti oníbàárà tó bínú, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kejì rẹ̀ ti tẹ bọ́tìnì tó yàtọ̀ sí tirẹ̀, kí ó sì bọ́ sórí ìlà tó kúrú. Ó sì tún lè jẹ́ pé ẹ̀rọ yín ń fún àwọn oníbàárà kan ní ipò iwájú. Bí ó bá jẹ́ ti bọ́tìnì, kò sí ẹni tó fò ó dá lórí ìlà tirẹ̀. Ìlà ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà.

Ìdáhùn kejì

Mo fara mọ́ àlàyé òkè yìí, mo kàn fẹ́ fi ohun tí ẹ lè rí lójú kọ̀ǹpútà kún un. Bí ó bá jẹ́ Asterisk, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí Mark Spencer bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, ni ilé-iṣẹ́ yín ń lò, inú fáìlì queues.conf ni ẹ ó ti rí ìlànà ìpínpè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní strategy. Bí wọ́n bá kọ linear síbẹ̀, ìlànà àtijọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè ni ẹ ṣì ń lò, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ló ń fìyà jẹ àwọn òṣìṣẹ́ yín. Leastrecent máa ń wá ẹni tó ti pẹ́ jù tó ti gba ìpè láti orí ìlà náà, fewestcalls máa ń wá ẹni tó ti gba ìpè tó kéré jù, rrmemory sì ń yí ìpè kiri láàárín wọn, tí yóò sì rántí ibi tí ó dúró sí. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn fewestcalls, nítorí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́sàn-án ni gbogbo ìpè yóò ya lù títí yóò fi bá àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dọ́gba.

Ẹ tún wo nǹkan méjì mìíràn. Ọ̀kan ni wrapuptime, ìyẹn iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ̀rọ yóò fi òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìpè kí ó lè kọ ohun tí wọ́n jọ sọ sílẹ̀. Bí òǹkà náà bá jẹ́ òdo, aago yóò tún dún bí ó ti ń gbé ọwọ́ kúrò lórí ti àkọ́kọ́. Èkejì ni autopause. Bí òṣìṣẹ́ kan bá dìde kúrò nídìí fóònù láìsọ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò gbà pé ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ni. Aago yóò dún, kò ní sí ẹni tí yóò gbà á, ìpè yóò padà sórí ìlà. Nínú ìlànà tó ń wá ẹni tó ti pẹ́ jù, kò sí ẹni tó ti pẹ́ tó ẹni tí kò sí níbẹ̀ yìí, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ìpè tó tẹ̀ lé e yóò tún kọ́kọ́ lọ. Bí autopause bá wà ní yes, ìgbà àkọ́kọ́ tí kò bá ti gbà á ni ẹ̀rọ yóò ti yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Mo ti bá ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wa sọ̀rọ̀, òótọ́ sì ni pé ìlànà máàkì ìmọ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀, tí ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù ń kọ́kọ́ gba ìpè. A óò yí ìyẹn padà. Ohun tó kù tó ń dùn mí ni ti ẹgbẹ́ mẹ́ta tí kò lè ran ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá wa tilẹ̀ ń gbèrò láti pín ẹgbẹ́ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe sí méjì sí i, kí oníbàárà lè máa bá ẹni tó mọ irú ìṣòro rẹ̀ gan-an pàdé. Ṣé èyí yóò dín ìdúró kù, àbí yóò dá kún un?

Ìdáhùn kẹta

Yóò dá kún un. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó jẹ́ kí ọ̀gá yín ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó rí ìṣirò tí mo fẹ́ ṣe sísàlẹ̀ yìí.

Agner Krarup Erlang, onímọ̀ ìṣirò ará Denmark tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen, ló gbé ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí kalẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1909 àti 1917, orúkọ rẹ̀ náà ni a sì ń fi wọn ẹrù ìpè títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìpè 100 ń wọlé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí ìpè kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, pẹ̀lú àkókò tí òṣìṣẹ́ fi ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 300 ni gbogbo iṣẹ́ náà, bí a bá sì pín in sí 30, yóò jẹ́ Erlang 10, ìyẹn ni pé ó kéré tán, òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ni yóò máa sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò wá rò pé òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tó. Kò tó rárá. Ìpè kì í wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní àlàfo tó dọ́gba; nígbà mìíràn márùn-ún á wọlé lẹ́ẹ̀kan, nígbà mìíràn gbogbo ibẹ̀ á dákẹ́, àkókò tó sì bá dídákẹ́ náà lọ kò ṣeé fi pamọ́ de ìgbà tí ìpè bá ya wọlé. Pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́wàá, ìlà ìdúró yóò máa gùn sí i ni.

Bí a bá lo ìlànà Erlang fún àwọn tó ń dúró, òṣìṣẹ́ 11 yóò mú kí ìdúró jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ní ìpíndọ́gba. Ẹ fi ẹnì kan ṣoṣo kún un, kí wọ́n di 12, ìdúró yóò já wálẹ̀ sí nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí wọ́n bá di 13, yóò di 17. Bí wọ́n bá di 14, yóò di 8. Ẹ kíyè sí i pé ẹnì kan tí a fi kún 11 gba oníbàárà lọ́wọ́ ìdúró tó lé ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹni tí a fi kún 13 kò dín ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án lọ. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò wá síbi iṣẹ́ fi lè da gbogbo òwúrọ̀ rú.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ pínpín ẹgbẹ́. Ẹ mú òṣìṣẹ́ 12 yìí àti ìpè 100 yìí kan náà, kí ẹ pín wọn sí méjì ọgbọọgba: òṣìṣẹ́ mẹ́fà níhìn-ín pẹ̀lú ìpè 50, mẹ́fà lọ́hùn-ún pẹ̀lú ìpè 50. Kò sí òṣìṣẹ́ tó kúrò, kò sí ìpè tó pọ̀ sí i. Síbẹ̀ ìdúró tó jẹ́ 40 ìṣẹ́jú-àáyá yóò di nǹkan bí 106. Ohun tó fà á ni èyí tí ẹ ti fi ojú ara yín rí: ẹgbẹ́ kan kún àkúnya nígbà tí ọwọ́ ẹgbẹ́ kejì dilẹ̀, ògiri tí a sì fi ọwọ́ ara wa mọ sáàárín wọn kò jẹ́ kí wọ́n gba ara wọn. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ní kí a tún dá ẹgbẹ́ kékeré mìíràn sílẹ̀ nítorí àmọ̀já, kí ó mọ̀ pé ìdúró oníbàárà ni a ó fi san án.

Kì í ṣe pé mo lòdì sí àmọ̀já. Òṣìṣẹ́ tó mọ ìṣòro náà dáadáa yóò yanjú rẹ̀ kíákíá, bí ìpè tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta bá sì di ìṣẹ́jú méjì, ẹrù náà fúyẹ́ gan-an. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò di dandan kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ gbogbo nǹkan kí ògiri yìí tó wó. Àwọn tó ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ti fi hàn pé bí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá mọ iṣẹ́ méjì péré, tí a sì so wọ́n kọ́ra, kí àwọn kan mọ owó sísan àti àkáǹtì tuntun, kí àwọn kan mọ àkáǹtì tuntun àti títún ẹ̀rọ ṣe, kí àwọn kan sì mọ títún ẹ̀rọ ṣe àti owó sísan, ìdúró yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrú bí ìgbà tí gbogbo wọn mọ ohun gbogbo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣí àkáǹtì tuntun. Ẹ kọ́ díẹ̀ nínú wọn ní àwọn ìṣòro tó rọrùn nínú ti ẹ̀rọ, bí àpẹẹrẹ oníbàárà tó gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi wọ́n ṣe ẹ̀yìn: àwọn onímọ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ wá, bí ìpè bá sì ti dúró ju iye ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, yóò na ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí. Nínú Asterisk tí wọ́n mẹ́nu bà lókè, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní penalty ni a fi ń ṣe é. Ẹni tí penalty rẹ̀ kéré ni ìpè ń kọ́kọ́ lọ bá, fáìlì queuerules.conf sì lè sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó gba penalty tó ga láàyè lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú-àáyá, fún àpẹẹrẹ.

Kókó kan wà tí ó yẹ kí n sọ kí ìṣirò mi má baà ṣi yín lọ́nà. Ìlànà Erlang yìí gbà pé kò sí ẹni tí yóò já ìpè rẹ̀ nítorí pé ó ti sú u. Ní ti gidi, àwọn kan máa ń já a, ìdúró tí ẹ ó rí yóò sì kúrú díẹ̀ ju èyí tí mo kọ lọ. Ṣùgbọ́n ìdúró tó kúrú nítorí pé oníbàárà bínú lọ kì í ṣe ohun tí alábòójútó yẹ kí ó máa fi yangàn.

Ìdáhùn kẹrin

Mo ti jókòó nídìí fóònù gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó di ẹni tó ń kọ́ àwọn mìíràn, mo sì fẹ́ kí a wo ìṣirò ẹ̀gbọ́n wa yìí láti ìhà ti òṣìṣẹ́. Nígbà tí òṣìṣẹ́ 11 bá ń gbé ẹrù Erlang 10, ìṣẹ́jú márùn-ún àti ààbọ̀ péré ni ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń dilẹ̀ nínú wákàtí kan, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà ló ń rí i. Ó fọ́n ká ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan níhìn-ín, mélòó kan lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n bá jẹ́ 14, yóò tó ìṣẹ́jú 17. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìpè pẹ̀lú oníbàárà tó ń sunkún tàbí tó ń bú u nílò èémí kan kí ó tó lè sọ pé ẹ káàárọ̀ fún ẹlòmíràn pẹ̀lú ohùn tó dára. Èyí ni mo fi ń bẹ gbogbo alábòójútó pé kí wọ́n má ṣe ka ìṣẹ́jú tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ dilẹ̀ sí ìṣẹ́jú tó ṣòfò.

Lọ́dọ̀ ti oníbàárà, ohun tó máa ń dùn wọ́n jù lọ ni kí a gbé wọn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lọ bá ẹlòmíràn. Oníbàárà ti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ti ro ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òṣìṣẹ́ wá rí i pé kì í ṣe ẹgbẹ́ òun ló kàn, ó sì taari rẹ̀ lọ sí ìlà mìíràn, níbi tí yóò ti tún bọ́ sẹ́yìn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ yín pé kí irú ìpè bẹ́ẹ̀ máa bọ́ sí iwájú ìlà tuntun náà, kí ohun tí òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ ti kọ sílẹ̀ sì hàn lójú kọ̀ǹpútà ẹnì kejì kí ó tó sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí oníbàárà ti tẹ̀ ló yẹ kí ó tẹ̀ lé ìpè rẹ̀. Bí ohùn ẹ̀rọ bá ti ní kí ó tẹ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, tí òṣìṣẹ́ sì tún ní kí ó kà á jáde, a ti fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ní ojúkorojú nìyẹn.

Olùbéèrè

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an, mo sì ti fi ìṣirò ẹgbẹ́ mẹ́fà-mẹ́fà yẹn han ọ̀gá wa. Ó ti ní kí a dá ètò pínpín náà dúró ná. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún wa wá ní òun lè fi ohun kan kún un, pé kí ẹ̀rọ máa bi oníbàárà bóyá ó fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ kí a pè é padà nígbà tó bá kàn án. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a gbà á?

Ìdáhùn kẹta

Èmi tí mo ṣe ìṣirò lókè ni mo padà wá. Ó dára, bí ẹ bá lò ó síbi tó yẹ. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe níbẹ̀ ni pé yóò fi àyè oníbàárà pamọ́ fún un lórí ìlà bí ẹni pé ó ṣì wà níbẹ̀, yóò sì pè é nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó kàn án. Ó máa ń ran ènìyàn lọ́wọ́ nígbà tí ìpè bá ya wọlé fún àkókò kúkúrú, bíi wákàtí kan láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé owó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ àwọn oníbàárà, nítorí pé yóò gbé díẹ̀ nínú iṣẹ́ wákàtí yẹn lọ sí wákàtí tí ọwọ́ yóò ti rọ̀. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ kò bá tó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sí wákàtí tí ọwọ́ yóò ti rọ̀ tí ẹ lè gbé iṣẹ́ náà lọ, àwọn tí ẹ ṣèlérí láti pè padà yóò sì máa pọ̀ sí i títí alẹ́.

Bí ẹ bá gbà á, ẹ má ṣe fi lọ gbogbo ẹni tó bá pè. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fi lọ oníbàárà nígbà tí ìdúró tó wà níwájú rẹ̀ bá ju iye ìṣẹ́jú tí ẹ ti fẹnu kò lé lórí lọ, kí ó sì sọ fún un ní pàtó nǹkan bí ìgbà tí a ó pè é. Ẹ pinnu ṣáájú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí oníbàárà kò bá gba ìpè nígbà tí ẹ pè é: ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ̀rọ yóò tún gbìyànjú, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò sì fi sáàárín wọn. Kí ẹ sì ṣe é lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣí àkáǹtì tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ran ẹgbẹ́ kẹta lọ́wọ́, kì í ṣe ṣáájú. Bí ẹ bá ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, tí ìdúró sì dín kù, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn, ẹni tó ta ẹ̀rọ fún yín yóò sì sọ pé tòun ni.